Dísẹ̀lì, CNG, iná, háídrójìn àbí rélùwéè: èwo ló yẹ kí owó ìwádìí ìjọba kọ́kọ́ bá l'Ọ́ṣun?

Láti 29 May 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sẹ́ni tó ń wọkọ̀ láti Ọlá-ìyá lọ sí Òkè-Baálẹ̀ tí ò mọ̀ ọ́n lápò. Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ la ń sọ nílé, òun la ń sọ lọ́jà, a dé mọ́ṣáláṣí, a dé ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni. Èéfín tó ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀ la kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀, ẹ dúró sábẹ́ bíríjì Ọlá-ìyá nírọ̀lẹ́ kí tipa oníyẹ̀pẹ̀ kan gba ibẹ̀ kọjá, ẹ máa rí bí àwọn ìyá tó ń tajà ṣe ń fi ìborùn bo imú tí àwọn ọmọ iléèwé á sì máa wúkọ́. Lọ́dún 2012 ni ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé ti sọ ọ́ ní gbangba pé èéfín dísẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ, wọn ò sọ pé bóyá, wọn ò sọ pé ó ṣeé ṣe, wọ́n ní ó ń fà á.

Ní báyìí kálukú ti ń pariwo tiẹ̀. Àwọn kan ní CNG, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà ọkọ̀, ni, àwọn kan ní bọ́ọ̀sì oníná ni, àwọn kan ní kí rélùwéè padà bọ̀ sípò. Gbogbo ẹ̀ ló dáa lẹ́nu. Àmọ́ owó ìwádìí ò pọ̀ nílẹ̀, ì báà jẹ́ ti TETFund tó ń fún àwọn yunifásítì ìjọba lówó, ì báà jẹ́ ti NADDC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ mọ́tò, ì báà jẹ́ ti ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀, tí wọ́n bá wá bù ú wẹ́wẹ́ fún gbogbo ẹni tó ń pariwo, omi á pọ̀ ju ọkà lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ èyí fún àwọn tó máa jókòó lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín in, ẹ̀yin olùkọ́ UNIOSUN àti OAU, ẹ̀yin alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́ awakọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìjọba, àti àwa tá a máa wọ ọkọ̀ náà gan-an.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni owó tí kìlómítà kan ń jẹ. Ẹ má wo iye tí wọ́n ra ọkọ̀ nìkan, ọkọ̀ tó wọ́n lè pa owó mọ́ fún yín tó bá ti rìn jìnnà, èyí tí ò wọ́n náà lè jẹ yín run lórí epo. Ìkejì, ṣé ọkọ̀ náà máa jáde lọ́la? Tó bá dákẹ́ lọ́nà Ìkìrun lóru, ta ló lè tún un ṣe, níbo ni wọ́n ti máa rí ẹ̀yà ara ẹ̀ rà? Ìkẹta ni èéfín, pàápàá èyí táwọn èèyàn ń fà símú láàárín ìlú.

Ìkẹrin ni mo kà sí jù nínú gbogbo ẹ̀: ṣé ìbéèrè yẹn, àwa nìkan la lè dáhùn ẹ̀? Bá a ṣe ń ṣe bátìrì, àwọn ará Ṣáínà ti ná owó tí ò lóǹkà lé e lórí, tá a bá ní ká wá fi owó yunifásítì kan bá wọn dù ú, a kàn fi owó ṣòfò ni, ká rà á lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ bí bátìrì yẹn ṣe máa ṣe nínú oòrùn oṣù March àti eruku ọ̀yẹ́ wa, kò sẹ́ni tó máa bá wa wádìí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi Amẹ́ríkà ṣàlàyé. Lọ́dún 2000, ìjọba wọn kó àwọn ọ́fíìsì tó ń rí sí agbára, ìrìnnà, ológun àti àyíká jọ pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tírélà àti ẹ́ńjìn, wọ́n pè é ní 21st Century Truck Partnership. Ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ni bí ọkọ̀ ńlá ṣe máa dín epo tó ń jẹ kù, tí èéfín ẹ̀ á kéré, tí jàǹbá á dín. Nígbà tó di 2010 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ SuperTruck, nígbà tó fi máa di 2014 tírélà tí Cummins àti Peterbilt jọ ṣe ti ń rin ju máìlì 10 lọ lórí gálọ́ọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ èyí tó wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà wọn nígbà náà ò ju bíi máìlì 6 lọ. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe rí i ṣe: wọ́n tún ara ọkọ̀ ṣe kí atẹ́gùn lè máa yọ̀ kúrò lára ẹ̀, wọ́n lo táyà tó ń yí wẹ́rẹ́, wọ́n gba ooru tó ń ṣòfò lára ẹ́ńjìn padà. Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yẹn, ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sáré bíi 100 kìlómítà ní wákàtí kan ló máa ń hàn jù. Tírélà tó ń yẹ kòtò láti Gbọ̀ngán bọ̀ wá sí Òṣogbo, tó tún gbé ẹrù kọjá agbára ẹ̀, atẹ́gùn kọ́ nìṣòro tiẹ̀. Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì.

Nǹkan kan wà tó yẹ ká kọ́ lára wọn ṣá o. Wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ National Academies, ẹgbẹ́ onímọ̀ tí kì í ṣe ara ìjọba, máa yẹ iṣẹ́ náà wò lóòrèkóòrè, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé kà á, títí kan ibi tí iṣẹ́ ò ti lọ dáadáa. Tí ètò tiwa ò bá ní irú ẹ̀, mi ò mọ bá a ṣe máa mọ̀ pé owó ṣiṣẹ́.

Dísẹ̀lì tó ti wà nílẹ̀

Èyí ni mo fẹ́ ká dúró lé dáadáa torí òun ló wà níta. Tipa, tánkà, tírélà, àwọn bọ́ọ̀sì gbọ̀gbọ̀rọ̀ tó ń lọ Èkó àti Àbújá, dísẹ̀lì lọ́pọ̀ wọn ń mu, tòkunbọ̀ sì lọ́pọ̀ wọn. Bó ti wù kí ìjọba ra ọkọ̀ tuntun tó, àwọn yìí ṣì máa wà lójú títì fún ọdún gbọọrọ.

Èéfín dúdú kì í dédé jáde. Ẹ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì dísẹ̀lì tó mọṣẹ́, kó tú nọ́sù kan, ìyẹn ẹnu tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìn, kúrò lára ẹ̀, kó so ó mọ́ ẹ̀rọ tó fi ń dán an wò, kó wá fọwọ́ tẹ irin ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Nọ́sù tó dáa á tú epo jáde fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ìrì, tó bá sì dúró ẹ ò ní rí ẹ̀kán kankan lẹ́nu ẹ̀. Èyí tó ti jẹ, apá kan lá máa tú sí, á máa kán tó-tó-tó. Epo tó bá kán báyẹn sínú ẹ́ńjìn ò lè jó tán, òun ló ń di èéfín dúdú, òun náà sì ni owó onímọ́tò tó ń gba sàléńsà jáde. Tí fílítà atẹ́gùn bá tún wá dí, tí tọ́bò tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìn ò fẹ́ dáadáa mọ́, tí wọ́n tún wá kó ẹrù tó ju agbára ọkọ̀ lọ lé e, ó parí nìyẹn. Owó àtúnṣe nọ́sù ò sì tó nǹkan kan lára owó ọkọ̀ tuntun.

Ọ̀rọ̀ epo fúnra ẹ̀ tún wà níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà láti 2007 ní fílítà kan lẹ́nu sàléńsà tó ń mú ẹ̀ẹ́dú wẹ́wẹ́ inú èéfín kó má jáde. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa ló ní irú fílítà yìí nígbà tó wà lọ́hùn-ún, tó bá dé bí ó máa ń dí, wọ́n á bá yọ ọ́ jù nù. Imí-ọjọ́ inú epo, tí wọ́n ń pè ní súfúrù, wà lára ohun tó ń bà á jẹ́. Amẹ́ríkà mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ ní kí imí-ọjọ́ inú dísẹ̀lì má ju 15 nínú mílíọ̀nù kan lọ ní 2006 kí fílítà yẹn tó dé. Níhìn-ín, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fẹnu kò sí 50 nínú mílíọ̀nù kan ní 2020, ilé ìfọpo Dangote tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísẹ̀lì ní January 2024 náà sọ pé epo tó mọ́ dé ìwọ̀n ti Yúróòpù lòun dójú lé. Ó dáa. Ìbéèrè tó kù ni pé epo tí wọ́n ń fà lónìí nílé epo kan lọ́nà Gbọ̀ngán, mélòó ló wà nínú ẹ̀? Ẹ ẹ̀ rí i, ìwádìí gidi nìyẹn, kò sì béèrè owó ńlá: kí yunifásítì máa gba epo láti oríṣiríṣi ilé epo lóṣooṣù, kí wọ́n wọ̀n ọ́, kí wọ́n gbé èsì síta. Ọjọ́ tá a bá mọ̀ pé epo ti mọ́ tó ni ìjọba lè sọ fún àwọn tó ń kó tòkunbọ̀ wọlé pé kí wọ́n má yọ fílítà yẹn mọ́.

Tí mo bá fi ohun mẹ́rin yẹn wọ̀n ọ́: kò gba owó ọkọ̀ tuntun, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n wà káàkiri, èéfín á dín kù àmọ́ kò ní tán, ìbéèrè ẹ̀ sì jẹ́ tiwa pátápátá torí kò sí orílẹ̀-èdè tó lówó tó máa jókòó wádìí bí tòkunbọ̀ ológún ọdún ṣe ń ṣe lọ́nà Iléṣà.

CNG

CNG ló ń dún jù báyìí, ó sì nídìí. Gáàsì tó wà nílẹ̀ Nàìjíríà ju 200 trillion cubic feet lọ, a sì ń fi iná sun nínú ẹ̀ dànù lójoojúmọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń wa epo. Ní 2023 ni ìjọba àpapọ̀ dá ètò Pi-CNG sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè máa lo CNG, iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ètò náà sì jẹ́ náírà 230 fún scm kan, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ta gáàsì, scm kan ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ ní agbára kan náà pẹ̀lú lítà dísẹ̀lì kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bọ́ọ̀sì ńlá onímítà 12 máa ń mu nǹkan bíi lítà 40 dísẹ̀lì lórí 100 kìlómítà. Ká fi lítà kan sí ẹgbẹ̀rún kan náírà kí ìṣírò lè rọrùn, kìlómítà kan jẹ́ náírà 400. Ẹ́ńjìn gáàsì máa ń jẹ díẹ̀ ju ti dísẹ̀lì lọ, ká ní scm 50 ló jẹ lórí 100 kìlómítà yẹn, ní náírà 230, kìlómítà kan jẹ́ náírà 115. Kódà kí owó gáàsì di ìlọ́po méjì, ó ṣì fi púpọ̀ dín sí ti dísẹ̀lì. Kò sí èéfín dúdú níbẹ̀ náà. Ní Delhi, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà ló pàṣẹ pé kí bọ́ọ̀sì ìlú máa lo CNG, nígbà tí ọdún 2002 fi máa parí, wọ́n ti yí gbogbo bọ́ọ̀sì dísẹ̀lì ìlú náà padà.

Àmọ́ ohun tí wọn kì í là yé àwọn onítírélà ni pé ẹ́ńjìn pẹtiróòlù ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti so gáàsì mọ́ ọn, dísẹ̀lì ò ní pọ́lọ́ọ̀gì. Ó di kí wọ́n ṣe é kí dísẹ̀lì díẹ̀ ṣì máa ṣáná fún gáàsì náà, àbí kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìn, kí wọ́n fi pọ́lọ́ọ̀gì sí i, kí wọ́n dín ìfúnpọ̀ inú ẹ̀ kù, àbí kí wọ́n kúkú ra ẹ́ńjìn gáàsì tuntun. Nítorí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé òun á yí tírélà Mack yín padà sí CNG ní iye tí wọ́n ń yí mọ́tò Corolla, ẹ bi í dáadáa.

Ọ̀rọ̀ sílíńdà ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Ìfúnpọ̀ gáàsì ìdáná nínú sílíńdà ilé ò tó bar 10 (bar ni wọ́n fi ń wọn ìfúnpọ̀), ti CNG ń lọ sí bar 200. Ní October 2024 mọ́tò kan bú gbàmù nílùú Benin níbi tó ti ń ra gáàsì, àlàyé tí àwọn Pi-CNG ṣe ni pé sílíńdà inú ẹ̀ kì í ṣe ojúlówó ti CNG, wẹ́dà ló jó o. Ẹ fojú inú wò ó kó jẹ́ bọ́ọ̀sì tó kún fún èèyàn. Ara sílíńdà gidi máa ń ní nǹkan tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ìfúnpọ̀ tó lè gbé, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, ẹni tó bá fẹ́ wọ irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ pé ẹnì kan ń ka nǹkan yẹn. Ibi tí owó ìwádìí ti wúlò fún CNG nìyẹn lójú tèmi, ibi ìdánwò sílíńdà tó dúró dáadáa, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tó ń tẹ̀ lé sílíńdà kọ̀ọ̀kan títí ọjọ́ orí ẹ̀ fi máa pé. Ilé iṣẹ́ Machine Tools wà l'Óṣogbo níbí, àwọn onímọ̀ irin wà ní OAU, kò yẹ kó jẹ́ Èkó la ó máa gbé sílíńdà lọ yẹ̀ wò.

Jíjò náà wà níbẹ̀. Tí gáàsì yìí bá jò láì tíì jó, láàárín ogún ọdún ó máa ń mú ayé gbóná ju kábọ́nì tó ń jáde nínú sàléńsà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 80. Ẹni tó bá ń pe CNG ní epo tó mọ́ gbọ́dọ̀ tún wọn iye tó ń jò láti ilé gáàsì títí dé ẹ́ńjìn. Ìpèsè ẹ̀ sì tún ku díẹ̀ káàtó, ìlú tí páìpù gáàsì ò bá gba ibẹ̀ kọjá, tírélà ló máa ń gbé e wá, tí tírélà bá pẹ́, ìlà á gùn, awakọ̀ tó yẹ kó ti lọ Ìbàdàn kó padà á ṣì wà lórí ìlà.

Bọ́ọ̀sì oníná

Mo fẹ́ràn èyí gan-an, mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Kò sí èéfín, kò sí ariwo, kò sí nọ́sù, kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìn láti pààrọ̀. Nínú ìlú tí wọ́n ti ń dúró gbé èrò ní gbogbo ìkóríta, ìgbà tó bá ń tẹ búréèkì ló tún ń dá iná díẹ̀ padà sínú bátìrì. Shenzhen ní Ṣáínà ti yí gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú wọn, tó lé ní 16,000, sí oníná kí 2017 tó parí. Èyí tó tún wú mi lórí jù ni àwọn tó sún mọ́ wa: Dakar bẹ̀rẹ̀ BRT oníná, ìyẹn bọ́ọ̀sì tó ní ojú ọ̀nà tiẹ̀, ní 2024, ní Nairobi ilé iṣẹ́ BasiGo ti ń gbé bọ́ọ̀sì oníná fún àwọn onímátátù, àwọn tó ń fi bọ́ọ̀sì gbé èrò níbẹ̀, láti 2022, wọ́n á san owó díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá máa san lórí kìlómítà tí wọ́n bá rìn, ṣíṣáàjì àti àtúnṣe wà nínú owó yẹn. Èkó náà ti kó tiẹ̀ dé láti 2023 láti fi dán an wò.

Àmọ́ Kenya, iná tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju omi, atẹ́gùn àti ooru abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó sì ń dúró ju tiwa. Òṣogbo níbí ni National Control Centre wà, ibi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, àwa tá a sì jọ wà nílùú kan náà pẹ̀lú ẹ̀ ń tan jẹnẹrétọ̀. Lọ́dún 2024 nìkan, ẹ̀ẹ̀mélòó la gbọ́ pé gbogbo ẹ̀ ti wó lulẹ̀? Bọ́ọ̀sì tí ò bá rí iná gbà lóru ò lè jáde láàárọ̀, èrò ò sì ní dúró dè é.

Owó ńkọ́? Bọ́ọ̀sì onímítà 12 máa ń jẹ bíi yúníìtì kan àti díẹ̀ lórí kìlómítà kan, ká ní 1.2. Owó yúníìtì kan fún Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná púpọ̀ jù fún, tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2024 ní náírà 225, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 209 lẹ́yìn náà, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi náírà 250 fún kìlómítà kan kí owó orí tó wọ̀ ọ́. Ó dín sí ti dísẹ̀lì, àmọ́ ó ju ti CNG lọ. Owó ọkọ̀ fúnra ẹ̀ sì lè tó ìlọ́po méjì ti dísẹ̀lì. Ẹni tó bá ń sọ fún ẹgbẹ́ awakọ̀ pé iná ò wọ́n rárá, kó mú ìwé ìṣírò jáde.

Sólà ló lè yí ìyẹn padà, ibẹ̀ sì ni ìwádìí tó dùn mọ́ mi wà. Bọ́ọ̀sì tó bá rin 200 kìlómítà lóòjọ́ máa jẹ bíi yúníìtì 240. Pẹ̀lú irú oòrùn tá a ní, ó máa gba páńẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì tó tó 120 fún bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, oṣù July àti August tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, kò ní tó. Níbo lẹ máa tò ó sí? Òrùlé gáréèjì? Òrùlé ọjà? Ta ló máa ṣọ́ ọ? Bọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí oòrùn wà, ó ń sinmi lóru tí oòrùn ò sí, ṣé bátìrì mìíràn la máa fi gbà á ni àbí ká máa ṣáàjì ní ọ̀sán tí èrò ò pọ̀? NADDC ti kọ́ ibi ìṣáàjì oní-sólà sí yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sokoto ní 2021, irú ẹ̀ nínú ọgbà UNIOSUN, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì méjì mẹ́ta tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún ọdún méjì, iye iná, iye ọjọ́ tí ọkọ̀ ò jáde, bí agbára bátìrì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ooru, yóò kọ́ wa ju ìwé ọgọ́rùn-ún lọ. Ìwọ̀n ọ̀nà wa náà bá a mu: Ẹdẹ ò jìnnà, Iléṣà ò ju bíi 30 kìlómítà lọ, àlọ àtàbọ̀ mélòó kan ni bọ́ọ̀sì oníná á ṣe kó tó nílò iná. Èkó ni mi ò ní rán an lọ báyìí.

Àwọn rẹwáyà wa náà gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí. Iná inú bọ́ọ̀sì oníná máa ń lé ní volt 500, ẹni tí ò gba ẹ̀kọ́ tó bá fọwọ́ bọ̀ ọ́, ikú ni.

Háídrójìn àti epo pupa

Háídrójìn, gáàsì tí wọ́n lè fi iná yọ lára omi, ò ní pẹ́ wa. Omi ló ń jáde lẹ́nu sàléńsà ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ téèyàn bá fi iná ṣe háídrójìn, tó fún un pọ̀, tó tún sọ ọ́ padà di iná nínú ọkọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló máa kù nínú iná tó fi bẹ̀rẹ̀. Montpellier ní Faransé fẹ́ ra bọ́ọ̀sì háídrójìn 51, ní January 2022 wọ́n wọ́gi lé e torí wọ́n rí i pé owó tó máa ná wọn lórí kìlómítà kan tó ìlọ́po mẹ́fà ti oníná. Bí Faransé bá sá, kí la fẹ́ fi gbé e? Ká jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tàbí méjì máa kà nípa ẹ̀, ó tó.

Dísẹ̀lì tí wọ́n ń fi epo pupa tàbí epo tí wọ́n ti fi dín nǹkan ṣe náà, ẹ́ńjìn gbà á, a sì ní ọ̀pẹ. Àmọ́ ẹni tó bá dé ọjà Òrìṣúnmbáre lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí mọ iye tí kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan jẹ́, mi ò rò pé ó yẹ ká máa bá ìkòkò ọbẹ̀ dù ú. Epo àkàrà àti ti ilé oúnjẹ tó ti gbó, ìyẹn lè mú nǹkan wá, kò lè pọ̀.

Rélùwéè

Tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńlá l'Óṣogbo tẹ́ ẹ ò dárúkọ rélùwéè, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan. Ọkọ̀ ojú irin dé ibí kí 1910 tó dé, òun ló kó àwọn oníṣòwò kòkó wá, òun ló jẹ́ ká ní Station Road. Irin lórí irin máa ń yí wẹ́rẹ́ ju táyà lórí títì lọ, ìdí nìyẹn tí epo tí ọkọ̀ ojú irin fi ń gbé ẹrù tọ́ọ̀nù kan fi kéré sí ti tírélà ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Láwọn ọdún iléyá àti Kérésì tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ jáde láti Èkó, ẹ rí bí èrò ṣe kún ibùdókọ̀, àwọn èèyàn ò gbàgbé ẹ̀.

Ìṣòro ẹ̀ ni pé ojú irin àtijọ́ fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,067, tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 láàárín Èkó àti Ìbàdàn, 157 kìlómítà, jẹ́ 1,435. Ọkọ̀ ọ̀kan ò lè gun ìkejì. Owó àtikọ́ tuntun dé Òṣogbo kì í ṣe owó ìwádìí, owó ìjọba àpapọ̀ ni, kò sì sí ohun tí yunifásítì wa lè ṣe sí i. Ohun tí ìwádìí lè ṣe ni kó ka tírélà: mélòó ló ń gba Òṣogbo kọjá lọ sókè ọya, kí ni wọ́n gbé, mélòó nínú ẹrù yẹn ló lè bọ́ sórí ojú irin àtijọ́ tí wọ́n bá tún un ṣe, níbo ni wọ́n ti máa sọ ọ́ kalẹ̀ fún mọ́tò kéékèèké. Iṣẹ́ oṣù mélòó kan ni, tí ọjọ́ bá pé tí Àbújá bá béèrè, Ọ̀ṣun á ti ní ìwé lọ́wọ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹ̀yin onítipa àti onítírélà, ẹ dúró sórí dísẹ̀lì tẹ́ ẹ ní, ẹ máa dán nọ́sù wò, ẹ máa wọn atẹ́gùn táyà, ẹ yé kó ẹrù àkọjá, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yí sí CNG, èyí tí dísẹ̀lì ṣì ń ṣáná fún ni kẹ́ ẹ béèrè kọ́kọ́, torí ọjọ́ tí gáàsì bá wọ́n lójú ọ̀nà, ọkọ̀ yín á ṣì délé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bọ́ọ̀sì elérò 14 tàbí 18 tó ń mu pẹtiróòlù, tẹ́ ẹ ń ná Ìbàdàn àti Iléṣà, CNG ló máa tètè mówó wọlé fún yín, kẹ́ ẹ ṣáà ti ṣe é níbi tí Pi-CNG fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ sì gba ìwé sílíńdà yín dání.

Ilé ìwé, ilé ìwòsàn ńlá àti ọ́fíìsì ìjọba tó ní ọgbà tiẹ̀, tí bọ́ọ̀sì ẹ̀ mọ ibi tó ń lọ tó sì ń padà sílé lálaalẹ́, ẹ lọ sí oníná pẹ̀lú sólà, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Gáréèjì gbogbogbòò, kó ní sùúrù títí èsì ti UNIOSUN tí mo sọ yẹn á fi jáde.

Ìjọba ńkọ́? Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń pín owó ìwádìí náà, ìdajì á lọ sórí dísẹ̀lì tó wà níta, ìyẹn wíwọn epo ní ilé epo àti èéfín ní gáréèjì, pẹ̀lú ibi ìdánwò nọ́sù tí awakọ̀ lè gbé ọkọ̀ lọ láìsí ìbẹ̀rù pé wọ́n máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun. Ìdá kan nínú mẹ́rin á lọ sórí bọ́ọ̀sì oníná inú ọgbà. Èyí tó kù, ìdánwò sílíńdà CNG ló máa jẹ ẹ̀ jù, kí wọ́n bu díẹ̀ fún àwọn tó máa ka tírélà. Háídrójìn ò gba kọ́bọ̀. Kí wọ́n sì mú ẹni mẹ́ta tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọn ò sì gba nínú owó náà, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ awakọ̀, kí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ yìí wò lọ́dọọdún, kí wọ́n ka èsì ẹ̀ lórí rédíò ní Yorùbá.